Ọmọ kẹsàn-án nínú eré patintero: kí ni ká ṣe fún un?

Tísà Yemẹtù (alẹ́ Ọjọ́rú)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni mo gbé wá síbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kéré wò ó, nítorí ó ti dá ẹkún sílẹ̀ nínú àgbàlá mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, n kò sì tíì rí ojútùú rẹ̀.

Tísà aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọdún 31 ni mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú. Ní báyìí, tí ìsinmi gígùn bá ti dé, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wá ṣe lẹ́sìnnì lọ́dọ̀ mi ní Yemẹtù, n'Ìbàdàn níbí. Aago 1 ọ̀sán la máa ń parí, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wọn wà lọ́jà, àwọn bàbá wọn ń wa Máíkírà kiri, kò sẹ́ni tó máa wá mú wọn títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Mo máa ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n á sùn díẹ̀, tó bá di aago 4, eré yá. N kì í jẹ́ kí wọ́n tan fóònù. Ọmọ mẹ́sàn-án níwájú fóònù kan, ìjà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin wá sílé lóṣù tó kọjá. Nọ́ọ̀sì ni ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ará Filipínì sì pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ló kọ́ ọ ní eré kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣe dàgbà nílùú wọn. Patintero ni wọ́n ń pè é. Àbúrò mi ò tíì tú ẹrù tán tó fi pe àwọn ọmọ jáde sí àgbàlá, ó ní kí wọ́n gbá ilẹ̀ kí ó mọ́ lóló.

Ẹni tó bá ti gbé ilé alájọgbé rí, èyí tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá tí yàrá kọjú sí yàrá, ti mọ bí ojú eré náà ṣe rí. Ẹ máa fa ìlà yí ilẹ̀ ká, kí ó gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Tèmi jẹ́ ìṣísẹ̀ 8 ní gígùn, ìṣísẹ̀ 5 ní ìbú. Ìlà kan á là á láàárín láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìyẹn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ìlà tó kù á dábùú: ti iwájú, ti àárín, ti ẹ̀yìn. Yàrá 4 ló máa jáde. Ẹgbẹ́ kan á wá dúró lórí àwọn ìlà yìí, ẹnì kan lórí ìlà kan, àwọn ni adènà. Ẹsẹ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìlà, àmọ́ wọ́n lè máa sáré lọ sáré bọ̀ lórí rẹ̀, kí wọ́n sì na ọwọ́ dé ibi tó bá lè dé. Ẹgbẹ́ kejì á máa wá àyè kọjá láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, wọ́n á sì tún padà wá síwájú. Ẹni tó bá lọ tó sì bọ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ kàn án ti gba àmì kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ adènà bá kan ẹnì kan péré nínú wọn, gbogbo ẹgbẹ́ ti kú nìyẹn: àwọn asáré á bọ́ sórí ìlà, àwọn adènà á di asáré.

Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ọmọ kan wà láàárín wọn tó sanra, tí wọn kì í mú tí wọ́n bá ń pín ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Òun ni adènà tó le jù lọ báyìí. Á dúró sórí ìlà ẹ̀yìn, á na apá méjèèjì, á tẹ orúnkún díẹ̀, kò ní pariwo rárá. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá á dé iwájú rẹ̀, wọ́n á máa ṣe bí ẹni gba ọ̀tún, wọ́n á tún ṣe bí ẹni gba òsì, òógùn á bò wọ́n. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pàtẹ́wọ́.

Omi ni a kọ́kọ́ fi la ilẹ̀. Àbúrò mi ní bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ òun sọ pé àwọn ń ṣe é nílé. Mo bu omi sínú bútà, mo tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, mo ń rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, omi ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ tín-ín-rín, ilẹ̀ pupa yìí sì ń dúdú tẹ̀ lé mi. Ó dára lójú! Ṣùgbọ́n kí n tó fa ìlà ẹ̀yìn tán, oòrùn ti lá ti iwájú. Ìjà bẹ̀rẹ̀: «O ti kúrò lórí ìlà!» «Ìlà wo? Ìlà ò sí níbẹ̀ mọ́!» Eérú ni mo wá ń lò báyìí, láti inú àdògán. Ó dúró ju omi lọ, àfi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Ọmọ mẹ́jọ ló tó ìwọ̀n eré yìí, láti ọdún 7 sí 11, wọ́n sì pín sí mẹ́rin-mẹ́rin géérégé. Ẹni kẹsàn-án ni ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 4. Òun náà fẹ́ ṣe é. Ẹgbẹ́ tó bá gbà á, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é, ìdí adènà tààrà ni yóò sáré lọ, á tún máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á fọwọ́ kàn án, gbogbo ẹgbẹ́ á kú. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lójú rẹ̀ báyìí pé «A ò fẹ́ ẹ! Ẹ̀yin ẹ gbà á!» Ọmọ náà gbọ́.

Mo fún un ní fèrè pé kí ó ṣe rẹfirí. Ó fọn ún láìdákẹ́, orí fọ́ wa. Mo ní kí ó jókòó tì mí. Ó jókòó, ó sunkún. Ní àná, mi ò rí i mọ́, mo wá a lọ sẹ́yìn ilé. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàǹkì omi. Ó ti gbé bútà, ó ti fa ìlà tirẹ̀, kúkúrú báyìí, ó wọ́ bí ejò. Ó dúró lé e lórí, ó na apá méjèèjì bó ṣe rí i tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe. Adìyẹ mi pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń dènà fún.

Mo padà síwájú ilé, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ eré yìí, tàbí tí ẹ ti gbé lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín, ẹ gbà mí. Kí ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ tí kò tíì tó ṣe é? Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó dúró lórí ìlà ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà fúnra rẹ̀, tàbí ó lè tún mú ìlà mìíràn mọ́ ọn. Lórí èyí, àbúrò mi àti ọmọ ọdún 11 kan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bú ara wọn.

Tẹ́lọ̀ Bẹ́ẹ̀rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Màmá. Ọ̀rọ̀ adìyẹ yẹn wọ̀ mí lára.

Èmi ò mọ patintero. Àmọ́ nígbà tí à ń ṣe ẹkùn mẹ́ran ní agboolé wa, a ò níṣòro ọmọ kékeré. Ṣebí ńṣe la máa ń di ara wa lọ́wọ́ mú yípo, ẹran wà nínú, ẹkùn wà níta. Ọmọ kékeré á dúró láàárín ẹ̀gbọ́n méjì, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ tiwọn, kò sí ibi tó fẹ́ bá já. Tó bá jẹ́ tèmi, màá ní kí ọ̀kan nínú àwọn àgbà dì í lọ́wọ́ mú, kí àwọn méjèèjì jẹ́ ẹnì kan. Ẹ dán an wò.

Bàbá Mọ́níyà

Tísà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ń ka ohun tí ẹ máa ń kọ síbí, n kì í sábà dá sí i, ṣùgbọ́n èyí ti pè mí jáde.

Mo ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Mọ́níyà, títí mo fi fẹ̀yìn tì, oko ìrẹsì ni wọ́n fi mí sí. Ní 1983, wọ́n rán mi lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà ní Los Baños, ní Filipínì. Ibẹ̀ ni IRRI wà, ilé ìwádìí ìrẹsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, ọdún 7 kí IITA tiwa tó dé. Ìsàlẹ̀ òkè kan tí wọ́n ń pè ní Makiling ni ìlú náà wà. Igbó bò ó, ìkùukùu kì í pẹ́ bo orí rẹ̀. Òjò ibẹ̀ ju tiwa lọ.

Ìdílé kan ni mo gbé lọ́dọ̀ wọn. Tí òṣùpá bá ti yọ, àwọn ọmọ àdúgbò á jáde, patintero ni wọ́n sì máa ń ṣe. Lójú mi, kò yàtọ̀ sí eré òṣùpá tí àwa náà ṣe kí iná mànàmáná tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ike kan tó ní ọwọ́, tabo ni wọ́n ń pè é, ni wọ́n fi ń bu omi la ilẹ̀. Omi ni wọ́n ń pè ní tubig, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pe eré náà ní tubigan. Alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, kò sí oòrùn tó máa lá ìlà wọn bó ṣe lá tiyín. Ẹ ò jẹ̀bi omi, Tísà. Aago 4 ọ̀sán ló jẹ̀bi.

Ní ti ọ̀dẹ̀dẹ̀: ẹni tó wà lórí ìlà iwájú ni olórí àwọn adènà, patotot ni orúkọ rẹ̀. Níbi tí mo wà, òun nìkan ló láṣẹ láti fi ìlà rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì gba ìlà ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ títí dé ẹ̀yìn. Àwọn tó kù kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìlà tiwọn. Ìyẹn ló mú eré náà dùn! O ti kọjá adènà méjì, o rò pé o ti bọ́, o ń wo ẹni tó wà níwájú rẹ, patotot ti gba ẹ̀yìn wá, ó ti fọwọ́ kàn ọ́ ní èjìká. Nítorí náà, ọmọ ọdún 11 yín jàre tó bá jẹ́ òun ló ní ẹnì kan lè mú ìlà méjì. Bí ẹ bá sì ní mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ fi ìlà ìdábùú kan kún un, kí ó di yàrá 6, gbogbo wọn á rí iṣẹ́ ṣe.

Ẹ wá gbọ́ ti ọmọ kékeré yẹn. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ fún un: saling pusa. Pusa ni ológbò. Ológbò tó bá wọn dá sí eré ni ọmọ náà. Ẹ mọ bí ológbò ṣe máa ń ṣe, á gba àárín èèyàn kọjá, kò sẹ́ni tó máa ní ó dí òun lọ́wọ́. Wọ́n á jẹ́ kí ó bá wọn sáré, kí ó bá wọn pariwo, wọ́n á tiẹ̀ máa lé e. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá kàn án, ẹnikẹ́ni ò kú. Bó bá lọ tó bọ̀, ẹgbẹ́ kankan ò gba àmì. Gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bá a jà. Ọmọkùnrin kan wà nínú ilé tí mo gbé, ọmọ bíi ọdún 5, ológbò ni jálẹ̀ oṣù mẹ́fà tí mo lò níbẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ojú eré, òun ló sì máa ń kẹ́yìn wọlé.

Ẹ sọ ọ́ di ológbò.

Ìyá Ìbejì, Apẹ̀tẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ ológbò yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣé kì í ṣe pé à ń tan ọmọ jẹ ni? Á máa sáré, á máa yọ̀ pé òun ń ṣe dáadáa, gbogbo àwọn tó kù mọ̀ pé kò sí lára eré. Lọ́jọ́ tó bá mọ̀ ńkọ́? Èmi ni àbígbẹ̀yìn ilé wa, mo mọ bó ṣe máa ń rí kí gbogbo èèyàn máa ṣe bí ẹni gbà fún ọ. Ó ń dunni. Mo fara mọ́ ti Tẹ́lọ̀, kí ẹni kan dì í lọ́wọ́ mú, kí ó jẹ́ èèyàn gidi nínú ẹgbẹ́ gidi.

Ẹ sì jọ̀ọ́, Màmá, orí ilẹ̀ wo ni ẹ ti ń ṣe é? Símẹ́ǹtì ni gbogbo àgbàlá wa níhìn-ín. Eré bọ́ọ̀lù lásán, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi bó orúnkún lọ́dún tó kọjá, àpá rẹ̀ ò tíì lọ.

Tísà Yemẹtù (àárọ̀ Ọjọ́bọ̀)

Bàbá Mọ́níyà, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka ti patotot sí àwọn ọmọ létí ní àárọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 11 dìde, ó yí gbogbo pálọ̀ po. Mo ti pe àbúrò mi, ó ní òun gbà, kí wọ́n má jẹ́ kí ó gbọ́ o.

Tẹ́lọ̀, a ti dán tiyín wò láàárọ̀ yìí náà. Ẹni tó dì í mú kò lè yí bìrí mọ́, ó ń wọ́ ọ, ọmọ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ga jù fún un. Nínú ẹkùn mẹ́ran, gbogbo wọn ló dúró, ibí yìí gbogbo wọn ló ń sá.

Ìyá Ìbejì, ilẹ̀ ni àgbàlá mi, n kò ì tíì da símẹ́ǹtì sí i, n kò sì ní í dà á sí i tí mo bá ṣì wà láyé. Àwọn ọmọ mi ń bá mi jà lórí rẹ̀, wọ́n ní ẹrẹ̀ pọ̀ lásìkò òjò. Ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ní pápá ńlá nígbà tí mo débẹ̀. Kí n tó kúrò, ṣọ́ọ̀bù ti gba apá kan, ọkọ̀ àwọn olùkọ́ gba apá kejì, èyí tó kù fún 400 ọmọ kò tó àgbàlá mi méjì. Mo kọ lẹ́tà, mo tún kọ. Bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ yìí, ara mi ń gbóná. Nítorí náà, ilẹ̀ mi á wà bẹ́ẹ̀.

Ní ti pé à ń tan ọmọ jẹ, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí. Mo sùn lé e lórí. Mi ò tíì ní èsì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ni mo ń kọ́ ní yunifásítì níbí, ọ̀rọ̀ yìí sì bá mi lára mu gan-an.

Eré yìí ní ìbátan káàkiri apá ibẹ̀ yẹn láyé. Ní erékùṣù Java ní Indonesia, gobak sodor ni wọ́n ń pe tiwọn. Ní Malaysia, galah panjang. Ní Íńdíà, àwọn ará Maharashtra ní atya-patya, àwọn yẹn tiẹ̀ ti sọ ọ́ di eré ìdíje tó ní òfin kíkọ. Ibi gbogbo ni ìlà àárín ti wà, ibi gbogbo ni ẹnì kan sì ti ń gba orí rẹ̀ lọ bọ̀ bí patotot tí Bàbá sọ.

Ní ti orúkọ, àwọn tó ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ sọ pé láti inú ọ̀rọ̀ Spéènì kan, tinte, ni patintero ti wá. Spéènì ló ṣàkóso Filipínì láti 1565 títí di 1898. Tinte yẹn ni aró, nítorí ìlà tí wọ́n ń fà sílẹ̀. Àwọn kan níbẹ̀ ṣì ń pè é ní harangang-taga, «harang» yẹn sì ni kéèyàn dènà. Adènà tí Màmá fi pè wọ́n bá a mu wẹ́kú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn.

Mo fẹ́ béèrè: ṣé mo lè wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé? Màá mú ẹfun wá fún ìlà.

Bàbá Mọ́níyà

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ. Mo ronú sí i lórí ibùsùn. Ohun tí mo rí ni pé wọn kì í fi pa mọ́ fún ọmọ náà. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, «pusa, bọ́ síbí, pusa, sá!» Òun náà mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ ipò rẹ̀ fún, ẹ ò lè ní wọ́n tàn án. Tísà, bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ pè é jókòó, kí ẹ sọ ọ́ fún un kedere.

Tísà Yemẹtù (alẹ́ Ọjọ́ Àìkú)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọmọ-ọmọ mi lé itan. Mo ṣe bí Bàbá ṣe wí. Mo sọ fún un pé ní ìlú kan tó jìnnà, ọmọ tí kò tíì tó ṣe patintero ni ológbò. Ó lè wọ yàrá tó bá wù ú, ẹnikẹ́ni ò ní lé e jáde, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, kò ka, tí ó bá sì lọ tó bọ̀, ìyẹn náà ò ka. Ó wojú mi títí. Ó ní, «Ṣé mo lè máa ké bí ológbò?» Mo ní bó bá wù ọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lára mi, ó ti ń ké kó tó dé ojú eré.

Àwọn mẹ́jọ yẹn gbà á ju bí mo ṣe rò lọ. Bó ṣe di pé ẹnikẹ́ni ò kú nítorí rẹ̀ mọ́, ìbínú tán nínú wọn. Àwọn adènà ń na ọwọ́ sí i, wọ́n ń pariwo pé «Áà, ológbò ti bọ́!» Adènà wa tó sanra, tí kì í sọ̀rọ̀, dúró lórí ìlà ẹ̀yìn, ó la ẹsẹ̀ méjèèjì, ológbò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n tiẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi í ṣe ọgbọ́n: bó bá ń ké kọjá lápá ọ̀tún, tí adènà yíjú wò ó, asáré á gba òsì fò. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní kò dára. Wọ́n ní, «Màmá, ológbò ló ń kọjá, kì í ṣe ẹjọ́ wa.» Mo dákẹ́.

Ìlà ìdábùú kẹrin ti wà níbẹ̀ báyìí, yàrá 6 ni a ní, patotot sì ti di oyè tí wọ́n ń jà dù. Akẹ́kọ̀ọ́ wá lánàá Sátidé pẹ̀lú páálí ẹfun kan, ọmọlúwàbí ọmọ ni. Ẹfun ò mú dáadáa lórí ilẹ̀ wa, a tún padà sórí eérú, ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà, ó bá wọn sá. Ọmọ ọdún 8 kan ló fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fèsì fún jù lọ, nítorí ọ̀rọ̀ yín ò kúrò lọ́kàn mi. Lálẹ́ àná, mò ń fọ ẹsẹ̀ ọmọ yìí lẹ́nu ẹ̀rọ tàǹkì, ẹsẹ̀ tí eérú ti bò dé orúnkún. Ó bi mí pé, «Màmá, ìgbà wo ni mi ò ní jẹ́ ológbò mọ́?» Ohùn rẹ̀ balẹ̀, kò sunkún, bí ẹni béèrè ìgbà tí oúnjẹ máa jinná ni. Ó mọ̀, Ìyá Ìbejì. Ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mi ò fẹ́ purọ́ fún un. Mo fà á dìde, mo fi í ti tàǹkì. Mo ní, «Lọ́jọ́ tí orí rẹ bá kan ẹnu ẹ̀rọ yìí, màá gbé ọ sórí ìlà fúnra mi.»

Kí n tó jí láàárọ̀ yìí, ó ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ alẹ́ lọ́rùn, ó fẹ̀yìn ti tàǹkì, ó na ọrùn. Ó ní kí n wá wò ó. Mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ó ku ìka mẹ́rin.